Pupa Kan Ṣoṣo

Ní gbọ̀ngàn àwòrán kan ní Tbilisi,
Nanuli tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń hun ìbọ̀sẹ̀ lórí àga.
Mo dúró níwájú tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò lè jókòó tì:
búrẹ́dì, ọ̀bẹ, àga mẹ́ta, ènìyàn méjì.

Ìmọ́lẹ̀ gba ọwọ́ òsì wọlé,
ó la búrẹ́dì já, kò dé ojú bàbá.
Gbogbo rẹ̀ rí bí eérú, bí omi ìfọṣọ,
àfi bọ́tìnnì pupa kan lọ́rùn ọmọ.
Ọ̀dà ibẹ̀ nípọn, ó wú bí ojú àpá.

Mo ní, "Ta ló ni àga kẹta?"
Nanuli ò gbójú sókè.
"Wo ilẹ̀."

Mo wolẹ̀:
òjìji mẹ́ta.

Òwú ọwọ́ rẹ̀, pupa ni.