Abọ́ Tí Kò Sá fún Òkèlè

Mo di ẹ̀kún ọwọ́ uyán kan sínú ọ̀rá,
mo fi aṣọ ìnura wé e kó má baà tutù,
mo gba ọ̀nà ọjà lọ ní Ìkéré.
Ẹni tó fẹ́ ra bàtà a máa mú ẹsẹ̀ dání.
Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ra abọ́
kò ní mú oúnjẹ dání?

Màmá Jọláadé wò mí títí.
"Bàbá Bùsúyì, ṣé ebi ló ń pa yín ni?"
Mo ní rárá. Mo ní kó gbé abọ́ wá.
"Èyí tí ẹ bá fi uyán kàn, ẹ ó fọ̀ ọ́ o!"

Ó kọ́kọ́ gbé oníRọ́bà, aláwọ̀ ewé, ó fúyẹ́ bí irọ́.
Mo sọ uyán sí i, mo bù ú,
abọ́ bá òkèlè dìde, ó ń tọ ọwọ́ mi lẹ́yìn
bí ajá tó rí eegun.
Mo ní gbé e kúrò. Epo á mu ún lára,
kó tó pé oṣù mẹ́ta
á pọ́n bí ẹnu ẹni tó jẹ obì sùn.

Ó gbé onírin wá, ó ń dán bíi dígí.
Mo rí irùngbọ̀n ara mi nínú rẹ̀, kò wù mí.
Ó tún ń pariwo: kí ṣíbí kàn án báyìí,
gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé a ń jẹun.

"Ẹ wá wo èyí, mẹ́fà nínú páálí,
òdòdó aláwọ̀ wúrà yí i létí ká."
Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n Bùsúyì ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn rí.
Kérésì ló dé; kí iṣu tuntun tó jáde, ó ku ẹyọ kan,
adìẹ ló ń mumi nínú rẹ̀.

Ogójì ọdún ni mo fi to búlọ́ọ̀kù.
Ọwọ́ mi mọ ohun tó kàn wúwo lásán
àti ohun tó wúwo nítorí pé ó ní láárí.
Mo ń fi oríkèé ìka kan ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ń wá gan-an, Bàbá?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i láàárín ọjà
pé láti ìgbà òjò tó kọjá
ọwọ́ òsì Fẹ́hìntọlá ti sùn, kò jí mọ́;
pé ọ̀tún ń bu òkèlè, kò sí ẹni tó ń di abọ́ mú;
pé obìnrin tó ń gún odidi iṣu mẹ́ta láìlàágùn
ń lé abọ́ káàkiri orí tábìlì;
pé lálẹ́ àná ó lé e dé etí,
ó já bọ́,
ó sì ní ebi ò pa òun mọ́.

Mo ní, "Èyí tó wúwo ni."

Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn ìkòkò,
ló ti fa ọ̀kan yọ, eruku bò ó:
abọ́ amọ̀ Ìsàn, dúdú, ìdí rẹ̀ fẹ̀,
kò ní òdòdó kankan,
àfi ìlà kan tí ẹni tó mọ ọ́n fi èékánná fà,
ìlà náà sì wọ́ níbì kan,
bí ẹni pé wọ́n pe obìnrin náà níbẹ̀, ó wẹ̀yìn.
Mo gbé e. Olósùnta kékeré.
Mo sọ uyán sí i, mo bù, mo tún bù.
Kò mì.

"Ó ti wúwo jù fún Màmá," ni ó wí.
"Ta ni yóò máa gbé e?"
Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Lálẹ́, mo gbé e síwájú Fẹ́hìntọlá.
"Irú abọ́ wo rèé? Ó jọ èyí tí ìyá mi fi ń bọ́ ajá."
Ó bù ú, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì.
Abọ́ jókòó bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́.
Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta,
kò wo etí tábìlì mọ́.
Ó gbójú sókè, ó wò mí.
"Ẹ̀fọ́ yìí níyọ̀ jù," ni ó wí.