Àlùbọ́sà Tí Kì Í Ṣe Ti Ọbẹ̀

Ogójì túlípì ni mo kà sínú apẹ̀rẹ̀,
níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ àti ìbọ̀sẹ̀ onírun
ní ọjà Viljandi, ní ìparí oṣù kẹsàn-án.
Obìnrin tó tà á fún mi ní, "Orí sókè, ìdí nísàlẹ̀,
má gbìn ín bí ẹni ju òkúta."
Mo ní mo gbọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà ní àdúgbò yìí,
ṣé èmi ni n kò ní mọ ojú nǹkan yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀?

Mo bó èèpo ọ̀kan wò.
Ó funfun bí eyín ọmọdé.
Àlùbọ́sà ni lójú, àlùbọ́sà ni lọ́wọ́,
ṣùgbọ́n kò ta ojú, kò rùn, kò bá ọbẹ̀ mu.
Mo ní: àlùbọ́sà tí kì í pa ni lẹ́kún, káàbọ̀.
Ẹnu mi yá jù.

Orúnkún mi ń ké, ilẹ̀ tutù wọ egungun,
mo tò wọ́n ní ìlà mẹ́rin lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná,
pupa, pupa, pupa, àti ìlà kan tó yẹ kó jẹ́ dúdú
bí a bá gba ohun tí wọ́n kọ sára àpò gbọ́.
Endel wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń to igi ìdáná rẹ̀.
"Maimu," ló wí, "eku á jẹ ẹ́."
N kò dáhùn.
Ẹni tí kò gbin nǹkan kan rí ju ọ̀dùnkún lọ!

Òjò dídì bo ọgbà bí ìyẹ̀fun tó dà sórí tábìlì.
Oòrùn á yọ láago mẹ́sàn-án, á ti rẹ̀ ẹ́ láago mẹ́ta.
Lálẹ́ mo máa ń kà wọ́n lórí ibùsùn:
èyí tó wà nígun,
èyí tí mo gbìn nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù,
èyí tí ẹ̀rù ń bà mí pé mo dorí rẹ̀ kodò.
Àgbà tí kò lọ́mọ nílé, ohun kan ni yóò sáà máa kà.

Oṣù kẹrin. Ilẹ̀ là.
Ti Leida yọ lókè òpópónà. Ti ilé ìwé yọ.
Tèmi: ewé kan ṣoṣo, tínrín bí ahọ́n ológbò.
Mo fi ṣíbí tú ilẹ̀ wò.
Ihò ni mo bá, ihò tó mọ́ tónítóní,
ọ̀nà rogodo lábẹ́ ilẹ̀, bí apá ẹ̀wù tí kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀.
Kí n má purọ́: n kò ro eku. Endel ni mo rò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìkí i.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ó kan fèrèsé,
ó ní kí n wá wo nǹkan.
Igi ìdáná rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ku ìlà ìsàlẹ̀.
Láàárín igi méjì, wọ́n há mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀ ojú irin,
túlípì mi, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,
pupa, pupa, ọrùn wọn wọ́,
ọ̀kan dúdú bí wáìnì.
Àká eku ni. Eku tó kó wọn pamọ́ de ebi
ni ológbò Endel pa nígbà Kérésìmesì.
Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ń wo bàtà rẹ̀.
Ìgbà yẹn ni àlùbọ́sà náà tó wá ta mí lójú.

Mo ní kó gé wọn sílé. Kò gé wọn.
Kò sì fọwọ́ kan igi ìsàlẹ̀ yẹn mọ́,
ó lọ ra òmíràn.

Oṣù kẹsàn-án tún dé, mo ra ogún péré.
Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá ààlà, tààrà síbi igi,
mo ní, "Kí n gba ẹrù lọ́rùn eku."
Endel kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ó wọlé lọ mú ṣọ́bìrì wá.
"Orí sókè," ló wí,
bí ẹni tó ti ń gbin òdòdó láti ọjọ́ tó ti dáyé.