Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlógún

Ọjọ́ kẹsàn-án tí iná ti lọ l'Ókè-Báálẹ̀,
mo gbé fóònù mi lọ sọ́dọ̀ Mùdáṣírù.
Ó lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó kọ mẹ́rìndínlógún sí i.
"Ẹ jókòó, Àǹtí. Jẹnẹrétọ̀ yìí ń wúkọ́ ni, kò tíì kú."

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, àwa márùn-ún lórí rẹ̀,
kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnì kejì,
ṣùgbọ́n ẹnu wa ò mọ̀ pé àjèjì ni wá.

Ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun,
tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan bí ọmọ tuntun,
òun ló dá a sílẹ̀.
Ó ní ohun gbogbo ti wà nínú ẹ̀rọ.
Ó ní oṣù mẹ́jọ lòun fi kọ́ṣẹ́ lórí fóònù,
òyìnbó kan tóun ò rí rí ń sanwó fóun ní dọ́là.
"Yíyàn ni. Ẹni tó bá ń tòṣì láyé ìsinsìnyí,
òun ló yàn án."

Mo fẹ́ dákẹ́.
Ẹ bi ìyá mi, yóò sọ fún yín pé n kì í lè dákẹ́.
Mo ní: Bọ̀ọ̀dá, ta ló bọ́ yín fún oṣù mẹ́jọ náà?
Ó ní bàbá òun ni.
Mo ní: Hẹn-ẹn.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí rẹ́rìn-ín,
eyín mẹ́ta jáde wá wòran.
"Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Òṣogbo,
wọ́n sọ fún bàbá bàbá mi pé ayé ti dé ẹnu ọ̀nà.
Ayé dé lóòótọ́.
Ó kó kòkó wa, ó fọn fèrè, ó lọ."

Bàtà-funfun ò gbà. Ó kọjú sí mi:
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Kánádà gbà yín, tẹ́ ẹ ò lọ,
ta ló tilẹ̀kùn mọ́ yín? Ṣé bàbá mi náà ni?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àjèjì
pé lọ́sẹ̀ tí ìwé náà dé, ìyá mi ń bá ògiri sọ̀rọ̀,
ó ń fi orúkọ mi pe ògiri;
pé mo dúró láàárín yàrá,
ìwé lọ́wọ́ kan, abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́ kejì,
ọwọ́ tó wúwo jù ni mo tẹ̀ lé.
Bẹ́ ẹ bá pè é ní yíyàn, mo gbà.
Bẹ́ ẹ bá pè é ní ìdè, mo gbà.
Ṣùgbọ́n ẹni tí ò gbé abọ́ ọ̀hún rí
kó má bá mi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún dé,
ọmọ kan tó fi rọ́bà de fóònù rẹ̀ kó má bàa tú.
Ó béèrè iye tó jẹ́. Igba náírà.
Ó ka owó ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé yóò bí sí i.
"Àádọ́jọ ni mo ní. Èsì ìdánwò ni mo fẹ́ wò.
Ẹ bá mi ṣáàjì ẹ̀ débi tówó mi mọ, kẹ́ ẹ yọ ọ́."

Gbogbo bẹ́ǹṣì pa lọ́lọ́.
Bàtà-funfun kọ́kọ́ kíwọ́ bọ àpò.
"Ẹ ṣé, sà. Èyí tó mi."
Ẹ ò rí nǹkan!
Ká tó ṣẹ́jú, a ti tún bẹ̀rẹ̀:
ṣé ọmọ náà ló yan àìgbà,
àbí ojú ló ń tì í,
àbí ó ti mọ̀ pé ọrẹ àjèjì ń lẹ́nu?
Ọmọ náà ń wo wáyà. Kò bá wa dá sí i.

Mo gbé tèmi délé lálẹ́, kò tíì kún.
Mo bọ́ ìyá mi, mo dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn,
ìgbà náà ni èsì tó yẹ kí n fọ̀ tó wá sọ́kàn mi,
èsì gidi, tó mú ṣáṣá.
Mo sọ ọ́ sókè. Ògiri gbọ́.
Ọkùnrin ọ̀hún ti lọ sílé rẹ̀,
kò mọ̀ pé mo ti borí;
bóyá òun náà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀,
tó ń borí mi.