Kò Sákọ Nínú Wọn

Pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bánáwà,
àwọn tó kàwé ní gúùsì ni.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ọ̀fà
tó ti fi ogójì ọdún jókòó sí àríwá,
ẹyẹ tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ gúúsù ni mo wá ń sìn lẹ́yìnkùlé.

Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, takọtabo.
Ajá bu akọ lọ́rùn nínú ọyẹ́, ó kú.
Abo rẹ̀ dúró sídìí ògiri fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
kò fẹnu kan koríko, kò rimú bọ omi,
ó kàn ń ké
títí Màlámù Habíbù fi yọjú lórí odi:
"Àlàájì, ta ló kú nílé yín?"
Mo ní, opó ni.
N kò sọ pé mo dá ohùn náà mọ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Sámàrú.
Ọkùnrin tó ń tà á na ọrùn ẹyẹ náà sókè
bí ẹni ń fi aṣọ han oníbàárà, ó búra:
akọ ni, wo orí rẹ̀ bí ọ̀gá ṣọ́jà!
Mo sanwó akọ.
Ó ń pòṣé sí mi nínú apẹ̀rẹ̀ títí a fi dé Kàdúná.

A kì í kó wọn pọ̀ lójijì.
Ẹni tó bá fipá so gúùsì yìgì, ìyẹ́ ni yóò máa gbá nílẹ̀.
Mo fi nẹ́ẹ̀tì pín àgbàlá sí méjì.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀yìn ni opó kọ sí i.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó yí ọrùn díẹ̀.
Lọ́jọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n sùn ti nẹ́ẹ̀tì,
ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún,
ìyẹ́ wọn gba ojú ihò kan ara wọn.
Mo ká nẹ́ẹ̀tì.

Ohùn ni n kò kọbi ara sí.
Ohùn akọ a máa ga, a há bí fèrè;
ti abo a wúwo bí ẹni ń wọ́ àga nínú yàrá.
Àwọn méjèèjì ló ń wọ́ àga.
Etí mi gbọ́, ọkàn mi ni kò gbà.

Ẹyin dé. Mo pe Fẹ̀hìntọ́lá lórí fóònù:
ìyàwó ti fìdí kalẹ̀!
Àfi ọjọ́ tí mo bá méjì nínú ìtẹ́, gbígbóná,
láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n ti sàba, ìdí kan ìdí,
mo tan iná fóònù sẹ́yìn ẹyin.
Ó mọ́ gaara. Kò sí iṣan, kò sí ojú dúdú.
Mọ́kànlá, gbogbo wọn bí omi inú gíláàsì.
Mo jókòó sórí kọ́ńkéré,
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ọkùnrin Sámàrú, Ọlọ́run rí ọ.

Fẹ̀hìntọ́lá ní kí n pín wọn níyà, kí n ra akọ gidi.
Mo wò wọ́n.
Èyí ń fẹnu tún ìyẹ́ ọrùn èyí ṣe, díẹ̀díẹ̀.
Àwẹ̀ró a máa ṣe orí mi bẹ́ẹ̀
nígbà tí irun ṣì wà níbẹ̀.
N kò pín ẹnikẹ́ni.

Ládì, ọmọ Gbàgyí tó wà ní Sábọ́n Táṣà,
gba àpò àgbàdo kan lọ́wọ́ mi, ó fún mi lẹ́yin mẹ́fà.
Gèlè Àwẹ̀ró ni mo fi dì wọ́n,
èyí aláwọ̀ ewé tí n kò tíì lè fi tọrẹ.
Mo gbé wọn lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá,
mo ń bẹ awakọ̀ ní gbogbo kòtò.
Òru ni mo pààrọ̀ wọn.
Wọ́n bù mí lápá, ó wú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Mo gbé ẹyin kan sétí.
Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́nà jíjìn,
mo ní kó dákẹ́ ná.
Mo tún gbé e sétí.