Obìnrin Kan, Lápá Òsì

Láti ìparí oṣù kọkànlá ni oòrùn ti wọ̀ ní Vardø
tí kò tíì bojú wẹ̀yìn.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ lù, òkùnkùn ṣì nà gbalaja lórí yìnyín.
Solfrid gbé kọfí kalẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà,
ó ti awò rẹ̀ sókè lórí imú.
Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kì í wáṣẹ́ kiri,
ṣùgbọ́n iṣẹ́ wá a wálé:
fọ́tò bí ẹgbàá tí láíbúrì kó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
tí wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ wá lẹ orúkọ mọ́ ọn.
Owó kò sí níbẹ̀. "Ẹ ṣeun" nìkan ló wà níbẹ̀.

Eléyìí: obìnrin mẹ́sàn-án níwájú ilé-iṣẹ́ ẹja,
ìborí funfun, ẹ̀wù rọ́bà dé ọrùn ẹsẹ̀,
ọ̀bẹ lọ́wọ́ oníkálukú bí ẹni ń rogun;
lẹ́yìn wọn, pańla tí wọ́n sá sórí igi lọ súà.
Láíbúrì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé:
"Àwọn òṣìṣẹ́. Bóyá ọdún 1961."

Òṣìṣẹ́ kẹ̀?
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ta ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ Borghild ní òṣìṣẹ́?
Borghild tí í la ẹja méjì kí o tó sín tán,
tí í bú ọ̀gá lédè Finland
tí ọ̀gá á máa dúpẹ́!

Ìka kan ni Solfrid fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo:
Borghild Mathisen.
Ruth, ọmọ olùtọ́jú iná etíkun.
Èyí tó ń wolẹ̀ ni Aslaug, èyí tó ń ṣẹ́jú ni Gunnvor ìkejì rẹ̀ —
rárá. Ó pa á rẹ́.
Gunnvor ló máa ń wolẹ̀.
Ó kọ ọ̀bẹ. Ó kọ yìnyín. Ó kọ ajá Pettersen,
tí ìrù rẹ̀ nìkan yọ lẹ́yìn àgbá,
nítorí ajá náà ní ilé tirẹ̀.

Lóru, nígbà tó bá sùn, ọkùnrin kan ní Minnesota
tó ń jẹ́ Duane Lokken á wá jókòó ti fọ́tò kan náà.
"Ọkọ̀ ojú omi bàbá bàbá mi nìyẹn," ó kọ. "Ọdún 1963 ni."
Solfrid jí, ó fèsì: 1962 ni, wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
Wọn kò rí ara wọn rí,
wọ́n ń jà bí ọmọ ìyá.

Eirik ti láíbúrì pè é lórí fóònù:
"Mama, kí ló ń mú yín ṣe é?"
Ó ní, "Ọwọ́ mi kò lè la ẹja mọ́."
Ó dákẹ́. Ó ní ìkòkò òun wà lórí iná.
Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ẹni kẹsàn-án ni, lápá òsì,
tí afẹ́fẹ́ gbé ìborí bo ìdajì ojú rẹ̀.
Ọmọdébìnrin tó dúró tì í, tó fi ọwọ́ kan pamọ́,
Solfrid kò lẹ orúkọ mọ́ ìyẹn.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ bù ú lọ́wọ́;
obìnrin yìí ló ya etí aṣọ rẹ̀ di ojú ọgbẹ́,
tó bu ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ fún un.
Wọ́n jọ dúró nídìí tábìlì kan fún odidi ìgbà òtútù,
kò bi í léèrè orúkọ.
Nígbà tí yìnyín fi máa yọ́, obìnrin náà ti lọ.

Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo la ṣe ń pè é kó yà?
Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: obìnrin tó fún mi ní búrẹ́dì.
Àràárọ̀ ló ń lọ wò ó bóyá ẹnì kan ti dáhùn.

Lónìí, gbólóhùn kan ti wà lábẹ́ tirẹ̀.
Ẹni tó kọ ọ́ kò forúkọ sílẹ̀:
"Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kò bára mu."
Solfrid fa fọ́tò náà tóbi, tóbi, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di èérún.
Òótọ́ ni. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní ìlà.
Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, kò rí i.
Kọfí ti tutù. Ó mu ún bẹ́ẹ̀.