Àpá Inú Dígí

Ọwọ́ Halvard ni mo ti kọ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe,
ní Vardø, níbi tí ilẹ̀ Nọ́wè ti tán pátápátá,
tí oòrùn ń wọ̀ lóṣù Bélú
tí kì í yọjú mọ́ títí Ṣẹ́rẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
A máa fi èékánná kan ojú tẹlifíṣọ̀n abuké, kó, kó,
a ní: "Ìyẹ̀fun ló wà lẹ́yìn dígí yìí,
ìyẹ̀fun tí iná ń lù kó tó tàn.
Bí iná bá ń lu ojú kan náà tọ̀sán-tòru,
ibẹ̀ á gbó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ má fi àwòrán kan dúró pẹ́."
Kò sí oníbàárà tí kò sọ ọ́ fún.
Wọ́n á mirí, wọ́n á sanwó, wọ́n á gbàgbé.

Torbjørg ò gbàgbé ní tirẹ̀. Ó kọ̀ ni.
Eilif ọmọ rẹ̀ wà lójú òkun nínú ọkọ̀ apẹja,
lọ́nà ìlà-oòrùn, níbi tí omi dídì ti ń gun ara ọkọ̀ bí ìkán.
Ojú ewé kan sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n láyé ìgbà yẹn,
o tẹ nọ́ńbà mẹ́ta lórí rímóòtù, ó yọ:
lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ dúdú,
orúkọ agbami kan tẹ̀lé òmíràn,
bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, bí ìgbì ṣe ga tó.
Torbjørg ṣí i lóṣù Ọ̀wàrà, kò pa á mọ́.
Ó bó ọ̀dùnkún níwájú rẹ̀, ó hun ìbọ̀sẹ̀ níwájú rẹ̀,
ó sùn lórí àga níwájú rẹ̀
tòun ti awò lójú.

Halvard lọ bá a. Èmi ni mo ru àpótí irinṣẹ́.
"Ìyá, dígí yìí á jóná o."
Ó ní: "Ṣé dígí ni mo bí?"
A mu kọfí. A gba inú yìnyín padà sílé.

Eilif dé lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí.
Ó dé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti ìka méjì tí òtútù ti sọ di aláìmọ̀kan,
ó ní òkun ti tó òun,
ó gbaṣẹ́ nílé búrẹ́dì.
Ìyá rẹ̀ wá tẹ rímóòtù.
Oníròyìn kan yọ pẹ̀lú táì pupa,
afẹ́fẹ́ sì wà níwájú orí rẹ̀.

Ohun tó funfun tẹ́lẹ̀ ti dúdú bí èédú tútù.
Ìgbì tó ga ní mítà mẹ́fà ń gba àyà ìyàwó ọ̀ṣìngín kọjá.
Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sáré lábẹ́ orúkọ òkun,
kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ tutù nínú wọn.

Wọ́n gbé e wá. Halvard tàn án, ó pa á, ó tún tàn án.
"Kò ṣeé nù. Inú ló wà."
Mo ń retí kó ní ṣebí òun ti sọ.
Kò sọ ọ́. Ńṣe ló ń ka àwọn agbami yẹn
láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

Eilif ra tuntun, pẹlẹbẹ bíi pátákó.
Abuké di ará yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi ìkòkò òdòdó lé e lórí.
Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìtanná sí i rárá,
wàá ṣì rí àwọn ìlà náà.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ tún wáyà kan ṣe fún wọn.
Eilif ti sùn, ó ń hanrun, ìyẹ̀fun wà nínú irun rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ yí etí sí fèrèsé kó tó dá mi lóhùn.
Ó bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ níta.
Mo ní ó ti rọlẹ̀, Ìyá,
ewé kan ò mì.
Ó ní kò jọ ọ́.