Kíkùn Inú Àpótí

Ìyá Ṣóbọ̀wálé gbé e gun ọ̀kadà láti Ìtòkò,
ó fi àdìrẹ ògbólógbòó dì í bí ọmọ tuntun,
ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì mi n'Íjẹ̀mọ̀:
rédíò onígílóòbù tí ọkọ rẹ̀ rà
lọ́dún tí kòkó lówó lórí.
"Ó ń kùn," ló wí. "Ó ń kùn ṣáá,
bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tí kò fẹ́ pariwo."

Mo kì í bọ iná. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù,
rédíò àtijọ́ kì í jí gìrì, ojú rẹ̀ a kọ́kọ́ pọ́n.
Kò pẹ́: hùn-ùn-ùn-ùn,
bí oyin inú ihò àpáta.
Mo yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ó ṣì ń kùn.
Háà. Kì í ṣe ọ̀fun ló ń dùn ún nìyẹn,
ikùn ni.

Síbẹ̀ mo yí púlọ́ọ̀gì po. Ó ń kùn.
Mo so wáyà mọ́ irin ilẹ̀. Ó ń kùn.
Mo yọ gílóòbù kan, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀,
èyí tí mo fi òwú dì sínú agolo bisikíìtì láti ọjọ́ pípẹ́.
Ó ń kùn, kò tilẹ̀ mí.
Ilé ìlọta ẹ̀gbẹ́ wa pàápàá dákẹ́ lọ́jọ́ náà,
n kò rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Mo yọ ọ́ nínú iná. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o!
Iná tó ti bá àpótí yìí gbélé kì í tètè jáde,
ó wà nínú agolo kékeré ẹ̀yìn un nì,
ó dijú, kò sùn.
Lásùnkànmí ọ̀gá mi ló kọ́ mi:
ọwọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ kejì nínú àpò.
Mo fi irin kàn án nídìí. Gbàù!
Ìyá fò sẹ́yìn. "Ó bú ọ ni?"
Mo ní, "Ó kí mi ni."

Kàpásítọ̀ náà ti gbẹ, orí rẹ̀ wú.
Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sẹ́ iná bí a ti ń sẹ́ ògì,
kí èèrí kù sókè, kí èyí tó jọ̀lọ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Asẹ́ ya, èèrí bá ohùn lọ.
Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo fi tuntun síbẹ̀.

Kẹ́kẹ́ pa.
Ohùn ọkùnrin kan wá yọ, ketekete,
ó ń kéde ìwé-ẹ̀rí tó sọnù ní Kútọ̀.
Ìyá tẹ́tí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sanwó, ó lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, ó tún dé lọ́wọ́ òfìfo.
"Mo rò pé ó ti kú ni. Bí mo bá tàn án lóru
tí iléeṣẹ́ wọn ti palẹ̀ mọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan.
Kíkùn yẹn ni Bàbá ń gbọ́ sùn. Èmi náà sì ni."
Mo wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ní,
"Ẹ pa fìtílà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Bí ẹ bá rí ẹyin iná márùn-ún tó pọ́n, ó wà láàyè."

Ó dúró. "Agolo tó gbẹ ńkọ́?"
Mo wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo nù ún,
ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀.
Kò bi mí pé èló ni.